Ẹ Bá Mi Dẹ́rù Bà Á

Rùkáyàt alágbàfọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n bá òun dẹ́rù bà á di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó sì máa fi padà dé, wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ.

Aneesah ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ohun tó ṣe kò dáa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó dáa. Aṣọ àwọn oníbàárà ló ń wọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti fọ aṣọ tán, tó fi sítáàṣì sí i, tó lọ̀ ọ́, tó gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mushin, Aneesah á yọ díẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ síwájú pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, wọn á máa pààrọ̀ aṣọ, wọn á máa jó, wọn á máa ya ara wọn ní fídíò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, aṣọ á ti padà sórí ańgà. Ó ti ń ṣe é tipẹ́ kí ó tó kan léèsì Ìyáàfin Abọ́dúndé.

Ìyáàfin Abọ́dúndé jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Léèsì náà ló fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìrántí ọkọ rẹ̀ ní Iléṣà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Aneesah ló wọ̀ ọ́ jó, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, léèsì fà ya láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Aneesah gbé e wálé, ó wá òwú tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ọ́, ó rán an, ó sì gbé e kọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ yòókù. Bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe pé ọmọ-ọmọ ìyáàfin náà rí fídíò yẹn lórí fóònù, tó sì gbé e fún ìyá àgbà pé kí wọ́n wá wo aṣọ wọn níbi tó ti ń jó.

Ìyáàfin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó yọ léèsì kúrò lórí ańgà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n rán, ó ní ẹni tó rán an gbìyànjú, pé ọmọ tó bá lè jókòó rán ohun tó ya ti mọ̀ pé òun ṣe ohun tí kò tọ́. Kò ní kí wọ́n ra òmíràn. Ohun tó fẹ́ ni pé kí Aneesah máa wá sílé òun ní Sùúrùlérè ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó máa bá òun gbálẹ̀, kó máa fi ọwọ́ fọ aṣọ òun, títí inú òun yóò fi rọ̀. Ó ní òun ti bá ọmọ tó le ju èyí lọ lò níléèwé, wọ́n sì di èèyàn.

Rùkáyàt kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá kọ́ ni ìyà lójú tirẹ̀. Ta ni kì í gbálẹ̀? Ó ní àbúrò ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, tó ń mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ìyá wọn ń tọrọ àforíjì káàkiri àdúgbò nítorí rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ọmọdé ni, yóò fi í sílẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni àbúrò náà kú sí. Láti ìgbà tí Rùkáyàt ti wo fídíò yẹn, àbúrò rẹ̀ ló ń rí lójú Aneesah. Ìbẹ̀rù yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ńtì Dàda.

Dàda jẹ́ ọlọ́pàá, oníbàárà wọn sì ni. Ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt ni wọ́n ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe Rùkáyàt ni yóò kọ́kọ́ ṣe é, pé bí àwọn òbí ní Mushin ṣe ń mú ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń mú wọn wá sọ́dọ̀ àwọn. Kí ó mú un wá ní Ọjọ́bọ̀, òun á wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà á jókòó sẹ́yìn káńtà, á gbóòórùn sẹ́ẹ̀lì, á sunkún dáadáa, ìyá rẹ̀ á wá mú un nírọ̀lẹ́, ó parí. Ó wá kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

“Ẹ sọ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbọ́n, wọ́n ti sọ fún wọn níléèwé pé a kì í ti ọmọdé mọ́lé. Kí ẹ sì sọ pé ẹ ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè, mà. Tẹ́ ẹ bá rọra sọ ọ́, á mọ̀ pé eré lẹ wá ṣe.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Aneesah rò pé aṣọ Sájẹ́ńtì ni àwọn ń gbé lọ. Òun ló gbé e lé apá, ó ń rọra rìn kí ó má baà rún. Nígbà tí wọ́n dé iwájú káńtà, Dàda gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yí ojú padà. Ó pè é ní olè. Aneesah wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí Sájẹ́ńtì máa ń bá a ṣàwàdà ní ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin ọlọ́pàá kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò wọn ló jókòó sídìí káńtà, tó ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ. Rùkáyàt rí i pé ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé ìyẹn náà wà lára eré. Ó sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ sókè. Ó ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń jalè, pé òun ti ṣe é títí, ó ti sú òun, òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti gbóná nígbà náà, ó tún fi èyí tí Dàda kò kọ́ ọ kún un.

“Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Èmi ò bí irú èyí.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Aneesah. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kó tún un sọ. Dàda fà á lápá wọlé. Rùkáyàt ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí ọmọ náà pe “Mọ́mì” lẹ́ẹ̀kan. Kò wẹ̀yìn. Dàda ti kìlọ̀ fún un pé ìyá tó bá wẹ̀yìn ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ aṣọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ohun tó dáa lòun ṣe. Bí oòrùn ṣe rọlẹ̀, ó ra dòdò àti ẹja díndín tí Aneesah fẹ́ràn, ó gbé e dání lọ.

Ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn káńtà. Ó béèrè Dàda. Wọ́n ní wọ́n ti pe Dàda àti àwọn mìíràn lọ síbi ìjà àwọn awakọ̀ kan ní Jíbówú, wọn kò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Ó pe fóònù Dàda, kò lọ. Ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun mú ọmọ òun jáde, pé Aneesah lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní kò sí obìnrin kankan ní sẹ́ẹ̀lì mọ́. Lọ́sàn-án, wọ́n kó àwọn obìnrin kan wá láti òtẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì kún, ọ̀gá àwọn sì ní kí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ lọ sí téṣàn ńlá. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń lọ sí kóòtù.

Rùkáyàt ní àṣìṣe ni, pé eré ni, pé kí wọ́n bi Dàda. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni.

Ọlọ́pàá náà wo inú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó da èèpo ẹ̀pà nù lórí rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní méjìdínlógún. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ pé mẹ́rìnlá. Èwo nínú méjèèjì lẹ fi purọ́ fún ìjọba?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó rántí o. Ní báyìí, sẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ti ṣófo.”

Rùkáyàt kò mọ bí òun ṣe dé òpópónà. Oúnjẹ tó rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí téṣàn ńlá, wọn kò jẹ́ kó kọjá ẹnu géètì. Ó pe ọkọ rẹ̀, Rilwan, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Jíbówú lọ sí òkè Ọya. Rilwan ti kọjá Ìlọrin. Ó ṣàlàyé, ó ń ṣàlàyé. Rilwan béèrè níbo ni Aneesah yóò sùn. Rùkáyàt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Rilwan tún un béèrè, pé níbo ni ọmọ òun yóò sùn. Lẹ́yìn náà fóònù já.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà ní kóòtù. Ó rí i nígbà tí wọ́n ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n ní méjì méjì. Obìnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ wú ni wọ́n dè mọ́ Aneesah, bí obìnrin náà bá sì ju apá, ọwọ́ Aneesah á tẹ̀ lé e. Híjáàbù kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Láti kékeré ọmọ náà, Rùkáyàt kò rí i kó jáde láìborí rí. Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n tú sí ìhòòhò. Ó pe orúkọ rẹ̀. Aneesah gbọ́, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n wà níta, wọn kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rùkáyàt ṣàlàyé fún un láìjẹ́ pé ó béèrè: wọ́n á pe orúkọ, adájọ́ á dá ọjọ́ mìíràn, ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò dúró fún un, ọkọ̀ yẹn nìyẹn. Tí wọ́n bá ti gbé èèyàn dé ọ̀hún, ó ní, ìgbà mìíràn wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ kò le, bí ẹni ń sọ iye owó ọkọ̀ ni. Tí Rùkáyàt bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè tì í mọ́lé nítorí irọ́. Tó bá dákẹ́, ọkọ̀ á gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí a parọ́ fún ara wa: ó kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n pe orúkọ àwọn kan, ó dákẹ́. Wọ́n pe Aneesah Rilwan, ọmọ ọdún méjìdínlógún, olè, ẹnu rẹ̀ kò là. Ìgbà tí adájọ́ mú gègé ni ó tó rí ara rẹ̀ lórí eékún láàárín kóòtù.

“Olúwa mi, irọ́ ni mo pa. Èmi ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Mo ní kí wọ́n bá mi dẹ́rù bà á ni.”

Ọlọ́pàá kan ní kó dìde kúrò níbẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí Aneesah, ó béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni. Aneesah wo adájọ́, ó wo obìnrin tí wọ́n dè é mọ́, ó wá wo ìyá rẹ̀. Jìnnìjìnnì ti bò ó débi pé kò mọ èyí tí kò ní mú ìyà wá nínú ọdún méjèèjì.

“Èyí tí mọ́mì bá sọ ni, sà.”

Adájọ́ náà bínú gidigidi, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó ní kí wọ́n tú ọmọ náà lójú òun. Ó ní kóòtù àwọn ọmọdé ni ẹjọ́ yìí ń lọ, pé kí wọ́n pe àwọn wẹ́fíà, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, wá mú un, kò sì gbọdọ̀ padà sí téṣàn kankan. Ó sọ fún Rùkáyàt pé ọ̀rọ̀ irọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, pé bí kì í bá ṣe nítorí ọmọ yìí, ọkọ̀ tó wà níta yẹn kò ní lọ láìgbé e.

Obìnrin kúkúrú kan láti wẹ́fíà ló wá, Beulah lorúkọ rẹ̀, gbogbo èèyàn ń pè é ní Àǹtí Beulah. Ó bọ́ ìborùn ọrùn ara rẹ̀, ó fi bo orí Aneesah kó tó bá a sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà tí Rùkáyàt na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, Àǹtí Beulah dúró sáàárín wọn, ó ní kó jọ̀ọ́ fún àwọn láyè ná.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Kóòtù àwọn ọmọdé kò jọ kóòtù. Yàrá kan ni, pẹ̀lú tábìlì gígùn, kò sí ẹni tó wọ aṣọ ọlọ́pàá, obìnrin sì ni adájọ́. Ọkùnrin tó wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ gígùn nípa àwùjọ àti ọ̀la orílẹ̀-èdè. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n ti ọmọ náà mọ́ ilé àtúnṣe fún ọdún méjì kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. Àǹtí Beulah náà lo ọ̀rọ̀ ńláńlá tirẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kí ọmọ náà máa lọ sílé, kí òun máa yọjú sí wọn. Ìyáàfin Abọ́dúndé wà níbẹ̀. Òun nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ó ní òun ṣì ń retí ẹni tí yóò wá bá òun gbálẹ̀ ní Sátidé.

Rilwan ti dé láti òkè Ọya, ó fi àga kan sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ kó tó jókòó. Rùkáyàt di etí tábìlì mú. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun gbà sí ohunkóhun, kí wọ́n ṣáà dá ọmọ òun padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ, bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á sáré jáde, á rò pé wọ́n wá sọ nǹkan fún òun ni.

Adájọ́ ní ọmọ náà ṣẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Yóò máa lọ sílé ìyáàfin ní Sátidé títí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí, yóò sì sọ fún àwọn oníbàárà tí òun wọ aṣọ wọn, lójúkojú, pé òun ló wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé àtúnṣe ti pọ̀ jù fún ohun tó ṣe. Yóò máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé lónìí. Rùkáyàt bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Adájọ́ wá yí sí Aneesah, ó ní ṣé ó gbọ́, ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Aneesah dìde. Ó béèrè pé tí òun bá dé ilé, tí òun sì tún ṣẹ̀, ta ni mọ́mì máa pè.

Adájọ́ ní kò sí ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá sí i mọ́.

“Ẹ ò ní sí níbẹ̀, mà,” ni Aneesah wí. Kò sọ ọ́ bí àfojúdi. “Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ilé àtúnṣe.”

Rùkáyàt rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Àǹtí Beulah tẹ̀ sí ọmọ náà létí, ó ṣàlàyé fún un pé ibi ìyà ni ibẹ̀, pé wọ́n ń jí wọn ní kùtùkùtù, kò sí fóònù, kò sí ọ̀rẹ́, pé wọ́n ń ti géètì pa. Aneesah ní òun mọ̀. Àwọn ọmọ tí òun bá ní ilé wẹ́fíà ti sọ fún òun.

“Nítorí géètì yẹn ni mo ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n ń tì í pa. Kò sí ẹni tó kàn lè wá mú mi lọ sí téṣàn níbẹ̀.”

Rilwan fi ọwọ́ bo ojú. Adájọ́ gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà, ó lé gbogbo èèyàn jáde, òun àti Àǹtí Beulah nìkan ló kù pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé padà, ojú Àǹtí Beulah pọ́n. Adájọ́ ní òun kò lè fi ipá dá ọmọ tí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà tó báyìí padà sílé. Kí ó lọ fún sáà kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún bi í.

Wọ́n tún bi í nígbà tí sáà parí. Ìdáhùn kan náà ló fún wọn.

Ibẹ̀ ló ṣì wà. Wọ́n ń kọ́ ọ ní aṣọ rírán, àwọn olùkọ́ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò jalè, kò jà, kò dáhùn padà sí ẹnikẹ́ni. Ìyáàfin Abọ́dúndé ń lọ kí i ní Sátidé, nígbà tí ọmọ náà kò lè wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Rilwan ń lọ tó bá ti ìrìn àjò dé. Rùkáyàt ń lọ lóṣooṣù, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà fún un. Aneesah á jáde wá, á kúnlẹ̀ kí i dáadáa, á béèrè àlàáfíà ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ re. Ṣùgbọ́n kò tíì jókòó tì í rí kí ó tó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wo géètì, kí ó sì béèrè.

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá, mà?”

Rùkáyàt á ní òun nìkan ni. Aneesah á tún wo géètì lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jókòó.